Kọ́kọ́rọ́ Nìkan Kò Tó: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Súwíìṣì Ìkọ̀kọ̀ Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tó bá gbọ́kàn lé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́ kò tíì wo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1965 kì í ṣe àgádágodo rárá. Súwíìṣì ni, tí wọ́n wulẹ̀ ṣe ihò kọ́kọ́rọ́ sí lójú. Iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí iná bátìrì dé kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá tí pulọ́ọ̀gì ń lò), ó sì ń jẹ́ kí iná dé sítátà fún ìwọ̀nba ìgbà tí o bá fi yí i. Ẹni tó bá lè mú iná dé ibi méjèèjì yẹn láìgba ojú kọ́kọ́rọ́ kọjá ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1970 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé bí awakọ̀ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, kí sítíárìn tàbí ìrìn ọkọ̀ náà tì pa. Ọdún 1986 ni Corvette gbé kọ́kọ́rọ́ tó ní rẹsísítọ̀ kékeré (ohun tó ń dín iná kù) lára jáde, tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń wọ̀n kó tó gbà kí ẹ́ńjìnnì tan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó di 1998 kí òfin tó ní kí ọkọ̀ tuntun máa ti ilé iṣẹ́ gbé immobiliser jáde, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tan bí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti dàgbà ju gbogbo ìyẹn lọ, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni ìṣọ́ rẹ̀ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni súwíìṣì ìkọ̀kọ̀, ìyẹn súwíìṣì tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọkọ̀ kó má bàa tan lọ́wọ́ olè.

Mo ní Volkswagen Beetle kan, èyí tó ń lo fólítì 12, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ àti ìbátan fa wáyà sínú ọkọ̀ tó dàgbà ju àwọn tó ń wà á lọ. Mi ò kọ́ṣẹ́ rẹ̀wáyà. Mítà kan, irin ìjólẹ́ẹ̀dì kan (èyí tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti so wáyà pọ̀) àti sùúrù ni mo ní. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, iye ọkọ̀ tí wáyà ìdènà olè ti dá dúró sójú títì mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́ pọ̀ ju iye olè tó dá dúró lọ.

Ọkọ̀ tó là mí lójú kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó rẹwà gan-an, lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé e kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ló pè mí.

“Àbúrò, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́íǹtì, wọ́n tún ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀. Ọkọ̀ yìí ṣì ń kú bó bá ti wọ kòtò.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń kú pátápátá ni, àbí ó máa ń jí fúnra rẹ̀?”

“Nígbà mìíràn, ó máa ń jí kí n tó rántí tẹ kílọ́ọ̀ṣì.”

Ìdáhùn yẹn tó mi. Ẹ́ńjìnnì tí epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rọ, á fà sẹ́yìn, á gbọ̀n, kó tó wá kú. Èyí tí iná rẹ̀ já kì í kìlọ̀: ó ń sáré lọ́wọ́, ó ti kú. Bó bá wá jí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí, a jẹ́ pé nǹkan kan ń já, ó sì tún ń so.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, wáyà funfun ló ń gbé iná láti ojú kọ́kọ́rọ́ lọ sí kọ́ìlì, funfun tó ní ìlà dúdú ló sì ń ti kọ́ìlì lọ sí dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì. Mo fi mítà kan orí bátìrì, ó ka fólítì 12.6. Mo tan kọ́kọ́rọ́, mo rí i dájú pé ẹnu pọ́íǹtì (irin méjì inú dísítíríbútọ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti já iná kọ́ìlì) pa dé, mo wá fi mítà kan ibi tí wáyà funfun ti wọ kọ́ìlì. Ó ka 10.4. Fólítì méjì ó lé ti sọnù lójú ọ̀nà. Mo fọwọ́ tọ wáyà náà padà sẹ́yìn, ó gba inú ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ kọjá, ó dé abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni funfun ti di pupa lójijì. Téèpù dúdú ni wọ́n fi wé oríkèé náà. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ́ tán. Wọn ò fi lẹ́ẹ̀dì jó o, wọn ò fi irin tẹ̀ ẹ́, wọ́n kàn lọ́ ọ pọ̀ ni. Wáyà pupa náà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí abẹ́ àga awakọ̀, ó parí sí súwíìṣì tí wọ́n ń fi tan iná yàrá, tí wọ́n kàn mọ́ férémù àga. Nígbà tí mo tú u, ojú idẹ inú rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ti jẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá jókòó tó wá wọ kòtò, àga á tẹ̀, súwíìṣì á mì, ẹ́ńjìnnì á kú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé súwíìṣì kankan wà níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò sọ ọ́, bóyá òun náà ò sì mọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó pa súwíìṣì yẹn, torí mo ṣì ń rí àwọn tó ń lo irú rẹ̀. Iná ilé máa ń lọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn, ó sì máa ń gba òfo kọjá ní ìgbà 100 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó bá ta pàrà nígbà tí o pa súwíìṣì á rí òfo yẹn kú sí. Iná bátìrì kò ní òfo kankan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀, kọ́ìlì sì jẹ́ ohun tí kì í fẹ́ kí iná inú rẹ̀ já. Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá pa súwíìṣì, iná á fò láàárín ojú idẹ méjèèjì, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fólítì 250 tí wọ́n kọ sára súwíìṣì ilé kò já mọ́ nǹkan kan fún fólítì 12 inú ọkọ̀. Ohun tó yẹ kí a wò ni iye áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, tó lè gbé nínú iná bátìrì.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi kò kan olè mọ́. Olè lè má wá láéláé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìwọ ń wa ọkọ̀ náà. Ìbéèrè mi ni pé: bí súwíìṣì yìí bá bàjẹ́ lójijì, níbo ni yóò ti bá mi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “níwájú ilé, ọkọ̀ ò kàn ní í tan”, mo lè fara mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ “lórí eré, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn mi”, mi ò fẹ́.

Gbígé wáyà tó ń bọ̀ sí kọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ronú sí, òun gan-an ló sì lè bá ọ lórí eré. Kọ́ìlì àtijọ́ tó ní óòmù 3 (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) máa ń fa nǹkan bí áńpíà 4 nígbà tí ẹnu pọ́íǹtì bá pa dé. Gbogbo áńpíà yẹn ló ń gba inú súwíìṣì ìkọ̀kọ̀ rẹ kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà mìíràn lè ṣe é, bó bá lo súwíìṣì ọkọ̀ tó lè gbé ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn, wáyà tó nípọn dáadáa, àti oríkèé tí kò ní í tú. Kó tún lọ fi mítà wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí fólítì kan tó bá sọnù lójú súwíìṣì ti sọ iná pulọ́ọ̀gì di aláìlágbára.

Ọ̀fìn kan wà nínú ọ̀nà yìí tí ó ti mú ọ̀pọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, kọ́ìlì kì í gba fólítì 12 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Rẹsísítọ̀ tí wọ́n ń pè ní bálásítì máa ń dín in kù, ìgbà tí sítátà bá ń yí nìkan ni wáyà kejì, láti ara sítátà, máa ń gbé iná kíkún wọ kọ́ìlì. Ọ̀rẹ́ mi kan gé wáyà tó kọjá nínú bálásítì, inú rẹ̀ sì dùn. Nígbà tí a dán an wò, bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́ ni ẹ́ńjìnnì mú iná, ó sì kú bó ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn gan-an ló dára jù, pé olè á rò pé ọkọ̀ ń ṣàìsàn. Èmi ò gbà. Ọkọ̀ tó ń mú iná ti sọ fún olè pé pulọ́ọ̀gì ń ṣiṣẹ́, epo ń bọ̀, wáyà kan péré ló kù. Ibi tí wáyà méjèèjì ti pàdé, lẹ́nu kọ́ìlì, ni a wá gbé e lọ, ọkọ̀ náà sì dákẹ́ pátápátá.

Ọ̀nà kejì yí ọ̀rọ̀ po. Dípò kí o gé iná tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́ìlì lo máa so mọ́ ara irin ọkọ̀. Ìgbà tí ẹnu pọ́íǹtì bá ṣí ni iná inú kọ́ìlì máa ń já, jíjá yẹn ló ń bí iná ńlá tó ń dé pulọ́ọ̀gì. Bí wáyà ìkọ̀kọ̀ kan bá ti so ẹ̀gbẹ́ yẹn mọ́ irin, pọ́íǹtì lè máa ṣí kó máa pa dé títí di alẹ́, iná ò ní í já, pulọ́ọ̀gì ò ní í rí nǹkan kan. Adùn rẹ̀ ni pé bí olè bá tilẹ̀ fa iná tuntun láti bátìrì wá sí kọ́ìlì, asán ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sì máa ń jọ èyí tó ń lọ sí aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì. Bó bá já lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Ìbéèrè mi gbà á wọlé.

Ṣùgbọ́n kò pé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn tí súwíìṣì náà sì ti so kọ́ìlì mọ́ irin, áńpíà 4 yẹn ń wọ kọ́ìlì láìdábọ̀, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 48 tó ń di ooru lásán. Olè tó bá sú, tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó sá lọ, ti fi kọ́ìlì rẹ sórí iná. Bí wáyà yìí bá sì bó tó kan irin níbìkan, a ti tún padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń kú lórí eré. Tí mo bá ti rí i tí ẹnì kan fà á gba inú ògiri irin kọjá láìfi rọ́bà sí etí ihò, mi ò ní í wọ ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà tí mo yàn fún Beetle mi ni ti sítátà, ìdí rẹ̀ kò sì kan olè nìkan. Nínú Beetle, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, wáyà tó ń pàṣẹ fún sítátà sì máa ń rin ìrìn gígùn láti ojú kọ́kọ́rọ́ níwájú dé ojú tí wọ́n kọ 50 sí lára sítátà. Bí ọkọ̀ bá dàgbà, fólítì máa ń dín kù lójú ọ̀nà yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá gbóná, wàá yí kọ́kọ́rọ́, wàá gbọ́ “tà” kan, tàbí kí o má gbọ́ nǹkan kan rárá. Ìwòsàn tí àwọn onímọ̀ Beetle máa ń lò ni rílè, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré ń jí kó lè gbé iná ńlá kọjá: wáyà gígùn yẹn á kàn jí rílè, rílè á wá gbé iná tààrà láti bátìrì fún sítátà. Bátìrì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo gbé rílè sí.

Rílè ní nọ́ńbà lára, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n kò ní í ṣìnà. Iná bátìrì wọ 30, ó gba 87 jáde lọ sí sítátà. Wáyà ojú kọ́kọ́rọ́ wọ 86. Ojú 85 ló yẹ kó lọ sí ara irin ọkọ̀ kí rílè lè jí, ibẹ̀ ni mo fi súwíìṣì ìkọ̀kọ̀ sí. Ohun tó ń gba inú súwíìṣì náà kọjá kò ju áńpíà 0.2 lọ, fún ìṣẹ́jú àáyá tí sítátà fi ń yí nìkan. Súwíìṣì kékeré tí kò tó orí àtàǹpàkò tó fún iṣẹ́ yẹn, wáyà rẹ̀ sì lè tẹ́ẹ́rẹ́ débi tí ojú kò ní í tètè rí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá jóná lórí eré, ẹ́ńjìnnì kò ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bó bá sì kọ̀ láti tan níbi tí mo gbé e sí, a ó tì í, mo ó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti jí. Lẹ́yìn tí mo ṣe é, àìsàn “tà” yẹn náà lọ.

Mo fi fíúsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rílè, torí wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní aláàbò. Mo sì rí i pé ìdérí bátìrì wà níbẹ̀. Sípírì inú àga ẹ̀yìn Beetle lè tẹ̀ kan orí bátìrì bí ẹni tó sanra bá jókòó, iná tó sì máa ń ti ibẹ̀ wá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n lórí á ti sọ pé: bó bá ṣe é tì fún ọ, ó ṣe é tì fún olè náà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ rótọ̀ bí mo bá fẹ́ gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nǹkan kékeré tó ń yí lórí ọ̀pá inú dísítíríbútọ̀, tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ni rótọ̀. Láìsí òun, ẹ́ńjìnnì á yí, kò ní í tan. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ ogun Jámánì lè wọlé, ìjọba pa á láṣẹ pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé kò ṣe é wà, rótọ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ń yọ. Irin méjì tó ń di ìdérí mú lo máa kọ́kọ́ tú, wàá gbé ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lórí, wàá fa rótọ̀ sókè tààrà. Má yí i, má fi irin gbé e. Kí o tó dé e padà, wo èédú kékeré tó wà láàárín ìdérí bóyá ó ṣì ń wọlé tó sì ń jáde. Àpò kan náà ni mo máa ń fi sí nígbà gbogbo, torí rótọ̀ tó bá sọnù ti ṣe iṣẹ́ olè fún olè.

Ọ̀rọ̀ epo kò ní í gùn lẹ́nu mi. Àwọn kan máa ń gé iná pọ́ọ̀mpù epo, wọ́n á ní olè á wà á díẹ̀, epo inú kábúrétọ̀ á tán, á sì já a jù sílẹ̀. Àní á wà á! Ọkọ̀ tí wọ́n ti jí gbé, tó kú sáàárín oríta lọ́wọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, lè pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí súwíìṣì yẹn bá bàjẹ́, ìwọ ni yóò sì wà láàárín oríta.

Súwíìṣì ńlá tó ń gé bátìrì pátápátá dára fún ohun mìíràn: ó ń dènà iná, ó sì ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́ bí ọkọ̀ bá jókòó. Olè tó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì á rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì), kó má ṣe pa á nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, torí iná tí kò rí bátìrì wọ̀ á ga sókè lójijì, á ba dáyóòdù inú rẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò nínú eré ìje ní ojú mẹ́fà, ó sì ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀ nítorí ọ̀ràn yìí gan-an.

Mo tún rí àwọn tó ń fi rílè ṣọ́ ọkọ̀ ní òdìkejì: rílè á wà ní jíjí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rílè tó ń fa áńpíà 0.16 á jẹ áńpíà-wákàtí 3.84 láàárín ọjọ́ kan. Bátìrì áńpíà-wákàtí 45 á gbẹ pátápátá kó tó pé ọjọ́ 12, á sì ti kọ̀ láti yí sítátà tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ohunkóhun tó bá ń jẹun nígbà tí ọkọ̀ ń sùn, ẹ má fi sí i.

Ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ wá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, abẹ́ àga àti inú àpótí ìbọ̀wọ́ ni ọwọ́ olè máa ń kọ́kọ́ lọ. Mi ò fẹ́ràn kí a lu ihò tuntun sára ọkọ̀ àtijọ́, yálà nítorí ẹwà rẹ̀ tàbí nítorí pé ihò tuntun ń pe ojú. Ohun tó dùn mọ́ mi ni súwíìṣì tó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí kò níṣẹ́ mọ́: ti fáànù tó ti kú, ti fìtílà kùrukùru tí wọ́n ti yọ. Òmíràn tún ni súwíìṣì tí mágínẹ́ẹ̀tì ń tì, èyí tí o lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sẹ́yìn páálí tàbí ike. Kò sí ohun tí ojú lè rí. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré á wà lára ìdè kọ́kọ́rọ́ rẹ, wàá fi kan ibẹ̀ bí o ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì áńpíà lásán ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lè gbé. Bí o bá fi gbé iná kọ́ìlì, ẹnu rẹ̀ á jó lẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pẹ̀lú rílè nìkan ni.

Àwọ̀ wáyà náà ṣe pàtàkì. Wáyà pupa tuntun tó ń dán láàárín wáyà funfun tí eruku ti bò ń tọ́ka sí ara rẹ̀. Mo máa ń wá wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu, mo máa ń fi téèpù aláṣọ wé e mọ́ àwọn yòókù, mo sì máa ń fi eruku ọwọ́ mi pa á lára. Ní ti oríkèé, fífi irin tẹ̀ ẹ́ ni mo yàn ju fífi lẹ́ẹ̀dì jó o lọ, torí ibi tí lẹ́ẹ̀dì parí sí máa ń le gan-gan, ibẹ̀ ni ìmìtìtì ọkọ̀ sì máa ń gé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ jó o, kó so wáyà náà mọ́ nǹkan kan nítòsí oríkèé kó má bàa máa mì.

Dísẹ́ẹ̀lì ní òfin tirẹ̀. Kò ní kọ́ìlì, kò ní pulọ́ọ̀gì iná, bó bá sì ti tan, kò nílò iná púpọ̀ mọ́. Mercedes W123 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, bí àpẹẹrẹ, afẹ́fẹ́ fífà tó ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá gé wáyà kan tó ń retí pé kó kú á dúró títí. Sítátà ni kí a bá wí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kò sí èyí tó lè dá ọkọ̀ agbọ́kọ̀ dúró. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bèèrè súwíìṣì. Irin tó ń ti sítíárìn tàbí táyà pa, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, ló ń ran ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀. Àlámù tí a fi súwíìṣì iná ilẹ̀kùn so mọ́ hóònù rọrùn láti ṣe, àmọ́ èyí tó bá ti ké lásán lóru bíi mélòó kan, kò sí aládùúgbò tó máa yọjú wò ó mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo wáyà, ènìyàn ló kù. Àbúrò mi fẹ́ bá mi gbé Beetle kúrò lọ́nà nígbà tí mi ò sí nílé. Ó pè mí: “Bọ̀dá mi, ọkọ̀ yín ò gbọ́ sítátà o, mo ti ń yí i títí.” Mo sọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn fún un, ọkọ̀ sì tan. Láti ìgbà náà, ẹnì kan nínú ilé máa ń mọ̀. Àwòrán wáyà náà wà nínú ìwé kan nínú ilé pẹ̀lú, kì í ṣe nínú ọkọ̀.

Ti mẹkáníìkì ló le jù. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ bréèkì, kò sì sọ nǹkan kan nípa súwíìṣì. Nígbà tó lọ gbé e, ọkùnrin náà fi ayọ̀ sọ fún un pé: “Ọ̀gá, mo rí wáyà kan tó já lábẹ́ ibẹ̀, mo ti bá yín so ó, ẹ má san nǹkan kan lórí ìyẹn.” Ọ̀rẹ́ mi dúpẹ́, kò ronú kàn án. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà ló fi ń tẹ súwíìṣì rẹ̀ lálaalẹ́, tó ń sùn fọnfọn, súwíìṣì ọ̀hún kò sì so mọ́ nǹkan kan.

Èmi máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀, mo sì máa ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú súwíìṣì níbi tí ọkọ̀ á fi tan, láìsọ ibi tó wà. Bó bá ti dé ilé, mo máa ń yí súwíìṣì sí ibi tí ọkọ̀ kò ti gbọ́dọ̀ tan, màá wá gbìyànjú láti tan án bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bó bá tan, mo mọ̀ pé wọ́n ti bá mi tún nǹkan ṣe.